Hanna Reitsch, Obìnrin Jámánì tí ó Kọ́ Àwọn Ọmọ Ghana ní Fífò

Ẹ̀yin ònkàwé wa, pàápàá jù lọ ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí ní Santasi, ní ìlú Kumasi, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ Opoku Ware wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1952. Ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àdúgbò náà ń kan àwòṣe bàálù. Kì í ṣe irú èyí tí ọmọdé fi ń ṣeré lásán, bí kò ṣe ńlá, tí apá rẹ̀ gùn ju àgbàlagbà lọ, tí a sì ń fi rédíò darí láti ilẹ̀. Iṣẹ́ tí yóò gba ìfarabalẹ̀ rẹ̀ jù lọ ni iṣẹ́ apá náà. Ní etí ẹ̀yìn apá kọ̀ọ̀kan ni pákó ìdarí kan wà, tí ó lè gbé sókè, tí ó sì lè rẹ̀ sílẹ̀. Òun ni ó ń mú kí bàálù tẹ̀ sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Ọmọ náà yóò gbẹ́ àyè sí inú apá ọ̀tún àti ti òsì, yóò sì de ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ inú àyè kọ̀ọ̀kan ṣinṣin. Ẹ̀rọ yìí ni a ń pè ní servo. Ó ní ọwọ́ kúkúrú kan, ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó sì so ọwọ́ náà pọ̀ mọ́ pákó ìdarí. Bí ẹni tí ó dúró sí ilẹ̀ bá ti ọ̀pá orí rédíò rẹ̀ díẹ̀, servo yóò gbọ́, yóò yí, yóò sì fa pákó náà tàbí kí ó tì í.

Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yìí kì í kánjú. Ọ̀pá irin náà kò gbọdọ̀ tẹ̀, oríkèé rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ mì, nítorí pé bí ó bá ń mì, eré lè mú kí pákó ìdarí bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lójú òfúrufú títí apá yóò fi ya. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó burú ju èyí lọ. Kí bàálù tó gbéra, ó di dandan kí ó ti ọ̀pá rédíò sí ọ̀tún, kí ó sì wò ó dáadáa pé pákó apá ọ̀tún gbé sókè, pé ti òsì sì rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òdìkejì ni ó rí, servo kò ní sọ fún un. Gbogbo agbára rẹ̀ ni yóò fi jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an, títí bàálù yóò fi forí sọlẹ̀. Inú èdè Látìnì ni orúkọ rẹ̀ ti wá, láti ara ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹrú.

Àwọn bàbá wa sì ti sọ ọ́ pé, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Nítorí òwe yìí ni a ṣe fẹ́ sọ ìtàn obìnrin kan tí ó mọ bí a ti ń darí apá bàálù ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin ìgbà ayé rẹ̀ lọ, tí ó sì fi ọdún 4 kọ́ àwọn ọmọ Ghana ní fífò. Orúkọ rẹ̀ ni Hanna Reitsch.

Ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1912 ni a bí i ní ìlú Hirschberg, ní ẹkùn Silesia, tí ó jẹ́ ti Jámánì nígbà náà. Lónìí, ìlú náà wà lábẹ́ Poland, Jelenia Góra sì ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún tí a bí i, àwọn Jámánì ṣì ń jọba lórí Togo, apá kan ilẹ̀ Togo yẹn sì wà nínú Ghana òde òní. Dókítà ojú ni bàbá rẹ̀, onísìn Kátólíìkì sì ni ìyá rẹ̀. Ọmọ náà kò ga, kò sì tóbi, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó wù ú bí kò ṣe kí ó fò. Nígbà tí ó yá, ó ní òun yóò di dókítà míṣọ́nnárì tí yóò máa fi bàálù bẹ àwọn aláìsàn wò. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kí ó kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà.

Ẹ̀gbẹ́ ìlú wọn, ní Grunau, ni ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tí a ti ń kọ́ni bí a ti ń fo bàálù aláìlẹ́ńjìnnì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àlọ́ ni a ń pa. Ẹ wo àwòdì bí ó ti ń rà bàbà lójú ọ̀run ní ọ̀sán gangan, tí kò gbọ̀n apá rẹ̀ rárá. Afẹ́fẹ́ tí oòrùn mú gbóná ni ó ń gòkè láti ilẹ̀, òun ni ó sì ń gbé ẹyẹ náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni bàálù aláìlẹ́ńjìnnì rí. Okùn ni a fi ń fà á gbéra, lẹ́yìn náà awakọ̀ yóò tú okùn náà, yóò sì máa wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń gòkè. Ní àkókò yẹn, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ṣẹ́gun Jámánì ti dín ẹ̀tọ́ rẹ̀ kù lórí bàálù ogun. Nítorí náà ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wọn ni ó kọjú sí bàálù aláìlẹ́ńjìnnì.

Wolf Hirth, ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà, ni ó kọ́ Hanna. Ọmọbìnrin náà tayọ àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1933 ó fi ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀. Ní ọdún 1934 ó bá àwọn onímọ̀ lọ sí Brazil àti Argentina láti ṣe ìwádìí nípa afẹ́fẹ́ tí ń gòkè, ní ọdún yẹn kan náà sì ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwádìí ìjọba ní Darmstadt. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa gun bàálù tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tíì gùn rí, kí ó lè sọ fún àwọn tí ó ṣe é ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó.

Ọ̀kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí ó wúlò títí di òní jẹ mọ́ apá bàálù. Láyé ìgbà náà, bí bàálù aláìlẹ́ńjìnnì bá dorí kodò, eré rẹ̀ a máa pọ̀ títí apá yóò fi já. Hans Jacobs ronú ọgbọ́n kan, ó fi pákó ìdádúró sínú apá, èyí tí awakọ̀ lè fi ọwọ́ fà yọ sókè àti sísàlẹ̀ láti ká eré náà kò. Hanna ni ó gbé bàálù náà lọ sókè réré, tí ó sì dorí rẹ̀ kodò láti mọ̀ bóyá apá náà yóò dúró. Ó dúró. Gbogbo ẹni tí ó ń fo bàálù aláìlẹ́ńjìnnì lónìí ni ó ń jẹ oore ọjọ́ náà. Ní ọdún 1937 a fún un ní oyè Ọ̀gá Awakọ̀ Òfúrufú, oyè tí a kì í fún obìnrin. Ní oṣù kejì ọdún 1938, ó fo hẹlikópítà inú gbọ̀ngàn ńlá kan ní Berlin lójú ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ènìyàn, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe rí láyé.

Títí dé ibi yìí, ìyìn nìkan ni ìtàn náà. Ṣùgbọ́n àwa kò gbọdọ̀ fi apá kan ìtàn pamọ́ fún ọmọ wa.

Láti ọdún 1933 ni Hitler ti ń ṣe ìjọba Jámánì. Ìjọba náà kórìíra àwọn Júù, ó kórìíra àwa aláwọ̀ dúdú, ó sì gbà pé ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan lè sàn ju ti ẹnìkejì lọ. Hanna kò wọ ẹgbẹ́ òṣèlú wọn. Bí ó ti wù kí ó rí, orúkọ rẹ̀ di ohun tí wọ́n ń gbé kiri láti fi yangàn, kò sì kọ̀. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní 1939, ó dán oríṣiríṣi ọkọ̀ ogun wò. Hitler fi àmì-ẹ̀yẹ Àgbélébùú Irin dá a lọ́lá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1942, bí ó ti ń dán ọkọ̀ òfúrufú tí ń lo rọ́kẹ́ẹ̀tì wò, ọkọ̀ náà já lulẹ̀, ojú àti agbárí rẹ̀ fọ́, oṣù 5 ni ó sì lò ní ilé ìwòsàn. Ara rẹ̀ kò tíì yá tán tí ó fi padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní oṣù kejì ọdún 1944, ó gbé ìmọ̀ràn kan lọ síwájú Hitler fúnra rẹ̀, pé kí àwọn awakọ̀ kan fi ara wọn rúbọ, kí wọ́n jókòó sínú bọ́ǹbù tí ń fò, kí wọ́n sì darí rẹ̀ títí yóò fi kan ọ̀tá. Òun pẹ̀lú wà lára àwọn tí ó gun bọ́ǹbù náà láti dán an wò.

Ẹ wo ohun tí ìgboyà lásán lè mú ènìyàn dé. Apá ti dára, ẹ̀rọ ti péye, ọwọ́ kò gbọ̀n. Ta ni ó wà nídìí ọ̀pá ìdarí?

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a gbọ́ pé ó béèrè. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti rò ó lẹ́yìn ogun, ní ọdún 1944 ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ kan, Peter Riedel, fi ìwé pélébé kan hàn án, nínú èyí tí a kọ ọ́ sí pé wọ́n ń fi èéfín olóró pa àwọn ènìyàn ní àgọ́ Majdanek. Ó mú ọ̀rọ̀ náà tọ Himmler lọ, ẹni tí àwọn àgọ́ náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Himmler ní irọ́ ni. Ó gbà á gbọ́, ó sì padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀. Olè ni ó lọ bi léèrè bóyá ẹrù sọnù. Bẹ́ẹ̀ ni ìjọba náà pa Júù tí ó tó mílíọ̀nù 6.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1945, nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Rọ́ṣíà ti yí Berlin ká, òun àti Ọ̀gágun von Greim fi bàálù kékeré kan wọ inú ìlú náà. Ìbọn ba ẹsẹ̀ ọ̀gágun náà lójú òfúrufú. Láti ẹ̀yìn rẹ̀ ni Hanna ti na ọwọ́ kọjá èjìká rẹ̀, tí ó di ọ̀pá ìdarí mú, tí ó sì gbé bàálù náà sọ̀ láyọ̀ sí ojú títì. Kí ni ó bá lọ? Ó lọ bá Hitler nínú ihò abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ni. Ní ọjọ́ 30 oṣù náà Hitler pa ara rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, bàbá Hanna, ẹni tí ẹ̀rù ń bà pé wọn yóò dá ẹbí òun padà sí ọwọ́ àwọn ará Rọ́ṣíà, pa ìyàwó rẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ kejì àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó sì pa ara rẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, von Greim pẹ̀lú ti gbẹ̀mí ara rẹ̀. Hanna wà ní àhámọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà fún ohun tí ó lé ní ọdún kan. Ẹni ọdún 33 ni, kò sì sí ilé tí yóò padà sí.

Nígbà tí a tún gba àwọn Jámánì láyè láti fò, ó padà sí bàálù aláìlẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ní ọdún 1952 ó gba ipò kẹta nínú ìdíje àgbáyé ní ilẹ̀ Spain. Ní ọdún 1959 ó lọ sí India, ó sì gbé Olóyè Nehru, olórí ìjọba ibẹ̀, fò. Ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ ní India ni ó dé etí Ọ̀mọ̀wé Kwame Nkrumah, ó sì ránṣẹ́ pè é wá sí Ghana ní ọdún 1962.

Ghana kò tíì ju ọmọ ọdún 5 lọ nígbà náà, nítorí ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1957 ni ó gba òmìnira. Gbogbo ohun tí àwọn Òyìnbó ti sọ pé aláwọ̀ dúdú kò lè ṣe ni Nkrumah ń fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe. Ó ti dá ẹgbẹ́ ológun òfúrufú sílẹ̀ ní 1959. Ní Kumasi, kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó fi igba akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ láti Achimota bẹ̀rẹ̀ ní 1952 ti di yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní 1961. Ó fẹ́ kí fífò wọ ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́ gẹ́gẹ́ bí ìwé kíkà. Afienya, tí kò jìnnà sí Tema, ni a kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà sí, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí orílẹ̀-èdè aláwọ̀ dúdú kan dá sílẹ̀ fún ara rẹ̀ ní Áfíríkà. Ìjọba Ìwọ̀-oòrùn Jámánì ṣe àtìlẹ́yìn. J. E. S. de Graft-Hayford, ọmọ Ghana àkọ́kọ́ tí ó di olórí ológun òfúrufú, ni a fi ṣe ọ̀gá ibẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ bí a ti ń kọ́ni níbẹ̀. Bàálù oníjókòó méjì ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pá ìdarí wà níwájú akẹ́kọ̀ọ́, òmíràn wà níwájú olùkọ́, a sì so àwọn méjèèjì pọ̀. Bí olùkọ́ bá yí tirẹ̀, ti akẹ́kọ̀ọ́ yóò yí pẹ̀lú, ọwọ́ ọmọ náà yóò sì mọ bí ó ti yẹ kí ó rí. Kò sí servo níbẹ̀, kò sí rédíò. Ọwọ́ ènìyàn ni ó ń fa okùn àti irin tí ó lọ sí apá. Díẹ̀díẹ̀ olùkọ́ yóò máa mú ọwọ́ kúrò. Nígbà tí ó bá tó àkókò, olùkọ́ yóò tú ìgbànú rẹ̀, yóò bọ́ sílẹ̀, yóò sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàálù. Akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni yóò lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá yí padà, òun ni yóò mọ ohun tí yóò ṣe. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí ó ti kọ́, nítorí ọjọ́ yìí ni.

Ilẹ̀ Ghana pẹ̀lú kọ́ olùkọ́ náà lẹ́kọ̀ọ́. Hanna jẹ́wọ́ nínú ìwé rẹ̀ pé nígbà kan rí kò lè wá sí ọkàn òun láti ka aláwọ̀ dúdú sí ọ̀rẹ́ tàbí ẹlẹgbẹ́, ó sì kábàámọ̀ ìgbéraga náà. Àwọn ọmọ tí ó rí ní Afienya, tí wọ́n ń dá gun òfúrufú, ti já irọ́ tí a fi tọ́ ọ dàgbà. Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Àwọn kan ní Ghana kò fẹ́ràn pé ẹni tí ó sin Hitler wà láàrin wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni èrò Shirley Graham Du Bois, aya gbajúgbajà W. E. B. Du Bois. Lójú òun àti lójú Nkrumah, òpè nínú ọ̀rọ̀ ìṣèlú ni obìnrin náà.

Òpè ha ni bí? Ní àkókò tí bàálù ń rà bàbà lókè Afienya, òfin ọdún 1958 tí ó fún ìjọba láyè láti ti ènìyàn mọ́lé láìgbé e lọ sí kóòtù ṣì wà. Kumasi, níbi tí a ti dá ẹgbẹ́ alátakò National Liberation Movement sílẹ̀ ní 1954, mọ ìtumọ̀ òfin yẹn dáadáa. Ọ̀mọ̀wé J. B. Danquah, ọ̀kan nínú àgbà olùjà fún òmìnira, kú sí ẹ̀wọ̀n Nsawam ní ọjọ́ 4 oṣù kejì ọdún 1965. Àwa kò fi Nkrumah wé Hitler. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀ sí òtítọ́. Nkrumah fẹ́ gbé ènìyàn rẹ̀ dìde ni, Hitler sì fẹ́ pa ènìyàn run. Ohun tí a ń sọ ni pé obìnrin yìí tún rí aṣíwájú kan, ó tún fi gbogbo ọkàn rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọ̀gá ni ó yí padà, kì í ṣe ìwà.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 1966, bí Nkrumah ti ń rìnrìn àjò lọ sí Hanoi, àwọn ológun àti ọlọ́pàá gba ìjọba. Hanna ní láti fi Ghana sílẹ̀. Ní 1968 ó tẹ ìwé kan jáde ní èdè Jámánì nípa bí ó ti fò fún Nkrumah. Nkrumah kú ní Bucharest ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1972. Hanna kò dẹ́kun fífò títí ọjọ́ ogbó rẹ̀. Ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 1979 ni ó kú ní Frankfurt, ní ẹni ọdún 67. A sin ín sí Salzburg, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹbí rẹ̀.

Báwo ni kí a ti dá ẹjọ́ rẹ̀? Ìmọ̀ tí ó fún àwọn ọmọ Ghana jẹ́ ìmọ̀ tòótọ́, àwa kò sì ní tìtorí ẹni tí ó bu omi wá kí a da omi nù. Àkùkọ tí ó kọ lárọ̀ọ̀rọ̀, orí àkìtàn kan náà ni ó ti ń jẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò ní tìtorí omi náà kí a fi àbàwọ́n ara igbá pamọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe àìmọ̀ṣẹ́, kì í ṣe ojo, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó mọ iṣẹ́, ó láyà, kò sì ṣe é nítorí owó. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó jẹ́ iṣẹ́ ẹrú bí ẹrú. Ó dán gbogbo ẹ̀rọ wò láyé rẹ̀, kò dán ẹni tí ó rán an níṣẹ́ wò.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Santasi. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń kan apá àwòṣe bàálù rẹ̀ ń ṣe ohun rere. Ní Kumasi kan náà ni yunifásítì tí ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀rọ òfúrufú wà. Bóyá ibẹ̀ ni yóò lọ lọ́la. Ẹ kọ́ ọ kí ó de servo rẹ̀ le, kí ọ̀pá irin rẹ̀ má tẹ̀, kí ó sì wo pákó ìdarí lẹ́ẹ̀mejì kí bàálù rẹ̀ tó gbéra. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin olùkọ́, ẹ rántí pé inú apá bàálù ni àyè servo wà. Kò yẹ kí ó wà lórí àga ilé-ìwé. Orílẹ̀-èdè tí ó bá sọ àwọn ọmọ rẹ̀ di ẹ̀rọ tí ń gbọ́ràn, ọjọ́ tí ọwọ́ burúkú bá gba ọ̀pá rédíò náà ni yóò mọ ohun tí ó ṣe. Ẹ jókòó ti ọmọ náà, ẹ fi ọwọ́ tì í lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí ó béèrè ẹni tí ó rán an àti ibi tí a rán an sí. Nígbà tí ó bá sì tó àkókò, ẹ bọ́ sílẹ̀, kí ó lè máa lọ.